Ìlú Wa Nínú Ìwé Ìmọ̀: Kí Ni Ká Kọ, Kí Ni Ká Fi Sílẹ̀?

Olóòtú wa ní kí n kọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ kan tí ẹ̀ka ìlú wa nínú ẹgbẹ́ gbé lé mi lọ́wọ́, nítorí àwọn ẹ̀ka mìíràn ti ń bèèrè bí a ti ṣe é. N kò lè pè é ní iṣẹ́ tí ó ti parí, ṣùgbọ́n ojú mi ti rí níbẹ̀.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọ̀kan nínú wa, ọmọkùnrin ọdún 11 tí a bí sí Jos, tí kò sì tíì fojú kan ilé rí, ni tíṣà ní kí ó kọ ojú ewé kan nípa ìlú bàbá rẹ̀. Ọmọ náà kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gba fóònù ìyá rẹ̀, ó wá orúkọ ìlú wa nínú Wikipedia, ìwé ìmọ̀ ńlá tí gbogbo ayé ń kà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì rí ìlà mẹ́ta. Ìlà kìíní sọ orúkọ ìlú, láìsí àmì ohùn kan lórí rẹ̀. Ìlà kejì sọ ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀. Ìlà kẹta sọ iye ènìyàn tí ń gbé níbẹ̀, irọ́ sì ni. Ọmọ náà da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ bí ó ti rí wọn. Tíṣà fún un ní 4 nínú 10.

Bàbá rẹ̀ gbé ìwé náà wá sí mítìn. Lẹ́yìn tí sẹ́kítárì ti ka ìròyìn ìkómọ àti ti òkú tán, ó ka ìlà mẹ́ta náà sókè. Gbogbo ilé dákẹ́. Bàbá Alága ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ṣé gbogbo ohun tí àwa jẹ́ kò ju èyí lọ ni?" Kò sí ẹni tí ó dá wọn lóhùn. Lójú ẹsẹ̀ ni a yan ènìyàn márùn-ún pé kí wọ́n kọ ohun tí ó yẹ, wọ́n sì fi mí ṣe akọ̀wé wọn nítorí mo ti ṣe tíṣà rí.

Kí oṣù náà tó pé, ìwé ti kún orí tábìlì mi. Ojú ewé 22 ni mo kà. Oríkì ìdílé mẹ́ta wà níbẹ̀ ní kíkún. Orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ fi páànù bo ilé wà níbẹ̀, àti ti ẹni tí ó kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́, àti ti ẹni tí ó kọ́kọ́ ra mọ́tò (ìdílé méjì ni ó ń du ti mọ́tò). Orúkọ gbogbo díákónì láti ìgbà tí ìjọ ti bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, ti gbogbo lèmọ́ọ̀mù sì tẹ̀lé e, kí ó má bàa dàbí ẹni pé a ṣe ojúsàájú. Ẹnì kan kọ ọ́ pé àwọn ará ìlú tí ó múlé gbè wá, àlejò wa ni wọ́n, àwa ni a fún wọn nílẹ̀. Ọkùnrin kan fi fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́ láti Kánò, ó wọ agbádá, ó jókòó sórí àga onítìmùtìmù, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà pé òkè pátápátá ni kí a fi òun sí.

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Nínú ojú ewé 22 yẹn, mo wá ohun tí àjèjì lè fi mọ ìlú wa, n kò sì rí tó ìdajì ojú ewé. Kò sí ẹni tí ó sọ odò tí a ń mu. Kò sí ẹni tí ó sọ ohun tí a ń gbìn. Kò sí ẹni tí ó rántí kọ ọjọ́ ọjà.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ kí n ṣàlàyé irú ìwé tí à ń wí, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe wa ti wá. Ìwé tí ènìyàn ń ṣí nígbà tí kò mọ nǹkan, tí ó sì fẹ́ mọ̀ ọ́n kíákíá, ni à ń pè ní ìwé ìmọ̀. Àwọn ará Scotland tẹ ọ̀kan jáde ní Edinburgh láàárín 1768 àti 1771, wọ́n pè é ní Encyclopaedia Britannica, a sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà títí di 2012 tí àwọn tí ó ni ín kéde pé ti bébà parí. Àwọn àgbà tí ó kàwé láàárín wa yóò rántí bí ó ti máa ń tò lọ rẹrẹ lórí pẹpẹ ilé ìkàwé, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ sílé. Àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń pè láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìlú kékeré kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Wikipedia, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 2001, yàtọ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni ni ó lè kọ sínú rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ó wà ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, àkọsílẹ̀ tí ó wà nínú ti Yorùbá sì lé ní 30,000, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn kò gùn ju ìlà mẹ́ta tiwa lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjà tí kò ní olórí. Ìlú tí ìjọba mọ̀, tí ènìyàn sì ń gbé, ní ẹ̀tọ́ sí àyè tirẹ̀ bí ó ti wù kí ó kéré tó. A kò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn. Àmọ́ ohun tí a bá kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé kan tí a ti tẹ̀ jáde, èyí tí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lè lọ ṣí fúnra rẹ̀. A kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn apá kan. A kò sì gbọdọ̀ fi ohun tí àwa fúnra wa ṣẹ̀ṣẹ̀ rò jọ kún un. Ẹni tí ó bá ń kọ nípa ara rẹ̀ tàbí ìdílé rẹ̀, wọ́n a máa fura sí i, bí a ti ń fura sí ẹni tí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí fún ara rẹ̀ ní kóòtù. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sì yí padà, ọjọ́ àti wákàtí tí ó yí i padà wà níbẹ̀ fún gbogbo ayé láti rí.

Ẹ wo ìwé ìròyìn wa yìí. Ojú ewé ẹ̀yìn ni a ń kọ ẹni tí ó bímọ sí, ẹni tí ó gbéyàwó, ẹni tí ìyá rẹ̀ papòdà, àti ọjọ́ tí a ó ṣe fídáù tàbí ìsìnkú. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí àwa ni a ń kà á, a sì mọ ara wa. Ọmọ ilé ìwé tí ó wà ní Calabar, tí ó sì ṣí ìwé ìmọ̀, kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni ibi tí ìlú náà wà, irú ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn, àti ohun kan tàbí méjì tí ó wà lọ́dọ̀ wọn tí kò sí níbòmíràn. Mo sọ èyí fún ọkùnrin tí ó fi fọ́tò ránṣẹ́ láti Kánò. Ó ní òun gan-an ni ohun tí kò sí níbòmíràn.

N kò ní fi ìlú tèmi ṣe àpẹẹrẹ níbí, kí ẹ má bàa sọ pé mo ń polówó rẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú Ẹ̀sìẹ́, tí n kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Gbogbo ọmọ wa ní Jos ni ilé ìwé ti ń kó lọ wo mùsíọ́mù tí wọ́n ṣí ní Jos ní 1952. Kò pọ̀ nínú wọn tí ó mọ̀ pé ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ti ní mùsíọ́mù tirẹ̀ láti 1945, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹ̀sìẹ́ ni ìlú náà. Bí àwa bá jẹ́ ìgbìmọ̀ tí ń kọ nípa rẹ̀, kí ni kí a kọ?

Ibi tí ó wà ni yóò ṣáájú: ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Òmù-Àrán. Ó dàbí ohun tí kò ní wàhálà, àbí? Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn mìíràn wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn sì tún wà ní Èkìtì. Àjèjì tí kò bá ṣọ́ra yóò gbé ìlú láti Kwara lọ sí Ọ̀ṣun kí ilẹ̀ tó ṣú. Iye ènìyàn ni ó tún ń tan àwọn òǹkọ̀wé jẹ. Nígbà tí a ka ènìyàn ní 2006, ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n fi to èsì rẹ̀, kì í ṣe ìlú kọ̀ọ̀kan. Ìrẹ́pọ̀dùn ti Kwara ní 148,610. Bí ẹnì kan bá mú 148,610 yìí, tí ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ orúkọ ìlú kan ṣoṣo nínú ìjọba ìbílẹ̀ náà, ó ti fi gbogbo ará àdúgbò kún inú ìlú kan. Irú irọ́ tí ó wà ní ìlà kẹta tiwa nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fẹ́ pa irọ́. Ó rí nọ́ńbà, ó sì gbé e síbi tí kò yẹ. Bí kò bá sí iye tí a lè fọkàn tẹ̀, ó sàn kí a fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo.

Lẹ́yìn náà ni ère yóò dé, nítorí òun ni ó mú Ẹ̀sìẹ́ yàtọ̀. Ère òkúta ni wọ́n, òkúta tí ó rọ̀ tí ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, àwọn mìíràn mú ohun ìjà lọ́wọ́, ilà wà lójú àwọn kan, irun wọn sì dí ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Èyí tí ó tóbi jù ni wọ́n ń pè ní Ọba Ère. Nípa iye wọn, àwọn ìwé kò fẹnu kò: òmíràn ní wọ́n lé ní 800, òmíràn ní wọ́n lé ní 1,000. Ọ̀pọ̀ ló ti kán, orí lọ́tọ̀, ara lọ́tọ̀, kò sì rọrùn láti ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kí ni ìgbìmọ̀ yóò ṣe? Kì í ṣe kí ó mú èyí tí ó pọ̀ jù nítorí pé ó dùn mọ́ni. Kí ó kọ méjèèjì, kí ó sì sọ ìwé tí ó ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ta ni ó gbẹ́ wọn? Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le, ibẹ̀ sì ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ jù. Ìtàn ìbílẹ̀ sọ pé ènìyàn ni wọ́n rí, àlejò tí ó wá láti ọ̀nà jíjìn tí wọ́n sì di òkúta. Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ fúnra wọn sọ pé àwọn babańlá wọn bá ère náà níbẹ̀ ni, àwọn kọ́ ni ó gbẹ́ ẹ. Àwọn ọ̀mọ̀wé sọ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ wọn, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sì tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Phillips Stevens, kọ odindi ìwé lórí wọn, èyí tí ó jáde ní Ìbàdàn ní 1978. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà nípa àwọn tí ó gbẹ́ wọn. Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ wa ní kí a yọ ìtàn àlejò tí ó di òkúta kúrò pátápátá, ó ní yóò sọ wá di ẹni ẹ̀rín. Bàbá kan dá a lóhùn pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ó bọ ère náà lọ́dọọdún kí mùsíọ́mù tó dé? Sáyẹ́ǹsì ni?" Àwọn méjèèjì ni mo gbà fún. Ìwé ìmọ̀ kò ní sọ pé ènìyàn di òkúta. Yóò sọ pé ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Ẹ̀sìẹ́ nìyí, yóò sì sọ ohun tí àyẹ̀wò fi hàn. Òótọ́ ni méjèèjì, olúkúlùkù ní ìpò tirẹ̀. Bí a bá yọ ìtàn náà kúrò, òǹkàwé kò ní mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi tọ́jú òkúta fún ọ̀pọ̀ ọdún tí wọn kò fi í kọ́ ilé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tún wà tí ó yẹ kí a ṣọ́. Ní 1933, Ramshaw, ọkùnrin òyìnbó tí ń bojú tó ilé ìwé ìjọ C.M.S., rí ère náà, ó sì ròyìn rẹ̀ fún ìta. Àwọn ìwé kan kọ ọ́ pé òun ni ó "ṣàwárí" wọn. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ènìyàn ṣe ń ṣàwárí ohun tí onílé ń bọ? Òun ni ó jẹ́ kí ìta gbọ́. Kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan lè gba ìlú lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, kò sì ní jọ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni jalè.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà: Ẹ̀sìẹ́ kì í ṣe ère nìkan. Ọba ń bẹ níbẹ̀, Ẹlẹ́sìẹ́ ni oyè rẹ̀. Àgbẹ̀ wà, ọlọ́jà wà, ilé ìwé girama tí Áńgílíkà wà tí ìlú náà àti Ilúdùn jọ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ pọ̀. Àkọsílẹ̀ tí ó bá sọ̀rọ̀ òkúta ní ojú ewé mẹ́ta tí kò sì sọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà láàyè ní ìlà kan ti sọ ìlú di ibojì.

Mo padà sí tiwa. Ilé ọba méjì ni ó wà ní ìlú wa, ọ̀rọ̀ oyè sì wà ní kóòtù. Kí ìgbìmọ̀ wa tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ ilé kan tí ń gbé ní Kàdúná ti kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ pé ilé tiwọn nìkan ni ó tẹ ìlú dó. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta, ẹnì kan láti ilé kejì pa á rẹ́, ó kọ tirẹ̀. Ẹni ìṣáájú pa ti èkejì rẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ìgbà 14 ni wọ́n yí i padà, títí àwọn tí ń ṣọ́ ibẹ̀ fi ti ojú ewé náà pa tí wọ́n sì dá a padà sí ìlà mẹ́ta. Ẹ ò rí i pé àwa fúnra wa ni a fa ìlà mẹ́ta náà.

Ohun tí ó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti fóònù. Ní Jos níbí, ìdílé kan láti ilé àkọ́kọ́ ti ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ìdílé kan láti ilé kejì. Ní ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, bàbá ìyàwó tẹ ojú ewé náà sórí bébà, ó gbé e lélẹ̀ níwájú àwọn àna, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ kà á sókè kí òun tó gba iṣu wọn. Ẹ̀rù iṣu náà padà sí inú ọkọ̀. Oṣù márùn-ún ni àwọn ọmọ méjèèjì fi ń sunkún. Ẹni tí ó bá sọ pé ohun tí a kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò kan ilé, kí ó wá bá mi.

Ohun tí a fẹnu kò lé lórí ni pé ilé ọba méjì ni ó wà, olúkúlùkù ní ìtàn tirẹ̀ nípa ìtẹ̀dó ìlú, ọ̀rọ̀ náà sì wà ní ilé ẹjọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ bínú kúrò. Ọ̀rọ̀ pé a fún àwọn ará ẹgbẹ́ wa nílẹ̀ náà kò wọlé, nítorí a kò rí ìwé kan tí ó sọ bẹ́ẹ̀, àti pé mo mọ̀ dájú pé wọ́n ní irú rẹ̀ nípa tiwa.

Ìwé ni ìṣòro tí ó pọ̀ jù. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nípa ìlú wa, ẹnu àwọn àgbà ni ó wà, ìwé ìmọ̀ kò sì gba "bàbá mi ni ó sọ fún mi." Ọmọ ilẹ̀ Índíà kan, Achal Prabhala, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde ní 2011. Wọ́n ṣe fíìmù ní Índíà àti ní Gúúsù Áfíríkà láti fi bèèrè ìdí tí ẹnu àgbà kò fi lè jẹ́ ẹ̀rí. Títí di òní, púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣọ́ ìwé náà kò gbà. Inú bí mi sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rántí ìgbà 14 tí àwọn ọmọ wa méjì pa ọ̀rọ̀ ara wọn rẹ́, mo rí ohun tí ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ọ̀nà àbáyọ kò jìnnà. Àlùfáà Samuel Johnson gba púpọ̀ nínú ìtàn rẹ̀ lẹ́nu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́. Ó parí ìwé náà ní 1897, ó sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́, Johnson kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Dókítà Obadiah Johnson ni ó tún un tò láti inú ìwé tí ó fi sílẹ̀, kí ó tó jáde ní 1921. Lónìí gbogbo ayé ń fi í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni lánàá. Títẹ̀ ni a tẹ̀ ẹ́. Àbùkù kan ni pé láti Ọ̀yọ́ ni ìwé náà ti ń wo ayé, ìlú tí kò rí ẹni kọ tirẹ̀ sì ń fi ojú Ọ̀yọ́ wo ara rẹ̀. Òkukù kéré, ṣùgbọ́n nítorí pé Karin Barber jókòó ti àwọn obìnrin ibẹ̀ tí ó gbọ́ oríkì lẹ́nu wọn, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1991, kò sí yunifásítì ńlá tí kò mọ Òkukù.

Ẹ gbọ́ èyí tí ó kàn wá gan-an. Ìwé Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ tí N. D. Oyerinde kọ, 1934 ni ó jáde. Níbo ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́? Ní Jos níbí, ní Niger Press. Ìlú ń bẹ nílé, ìwé rẹ̀ sì ti òkèèrè wá. Ẹ̀yin ará Kàdúná náà, ilé ìwé àtijọ́ ìjọba tí ó wà lọ́dọ̀ yín ni a kó ìwé Ẹkùn Ìlọrin ti ayé òyìnbó sí. Ọmọ Ìgbómìnà tí ó wà ní Kàdúná súnmọ́ àkọsílẹ̀ ìlú rẹ̀ ju ẹni tí ó wà nílé lọ. Mélòó nínú yín ni ó ti wọ ibẹ̀ rí?

Èyí mú mi dé orí ọ̀rọ̀ àwa tí a kúrò nílé. Nínú ojú ewé 22, kò sí ẹni tí ó sọ pé ìdajì ìlú wà lẹ́yìn odi. Ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ta ni yóò kọ nípa Èjìgbò tí kò ní dárúkọ Abidjan? Ta ni yóò kọ nípa Ìgbẹ́tì tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò ní sọ̀rọ̀ àwọn tí ìjọba Ghana lé wálé lẹ́yìn òfin oṣù kọkànlá 1969? J. S. Eades kọ ìwé lórí àwọn Yorùbá oníṣòwò ìhà àríwá Ghana ní 1993, ẹ̀rí sì wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́. Ti Jos, ti Kánò àti ti Mínnà ń dúró de ẹni tí yóò kọ ọ́.

Nípa àwọn gbajúmọ̀ ọmọ ìlú, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí àjèjì ti kọ ìwé tàbí ìròyìn nípa rẹ̀, tí kì í ṣe ìpolówó tí ó sanwó fún, ni ó lè wọlé. Ti ẹni tí ó wà láàyè gba ìṣọ́ra ju ti òkú lọ. A rí ènìyàn méjì. Ọkùnrin Kánò kò sí nínú wọn, kò sì gba ìpè mi mọ́.

Ìlà 11 ni a fi ránṣẹ́ níkẹyìn, ìwé márùn-ún sì ni a fi ṣe ẹ̀rí. Orúkọ ìlú ti ní àmì ohùn. Odò wà níbẹ̀, iṣu àti ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, ọjọ́ ọjà wà níbẹ̀. Àyè iye ènìyàn ṣófo. Ojú ewé 22 náà kò sọnù. Sẹ́kítárì ti kó wọn pamọ́, a ó sì tẹ̀ wọ́n ní ìwé pẹlẹbẹ lẹ́yìn tí a bá ti gbọ́ ẹnu ilé ọba méjèèjì. Mẹ́ta nínú rẹ̀ yóò lọ sí Ilé Ìkàwé ti Orílẹ̀-èdè, bí òfin ti wí. Ìwé tí àwa fúnra wa tẹ̀ kò ní gbayì lójú àwọn tí ń ṣọ́ Wikipedia bí èyí tí àjèjì kọ, ṣùgbọ́n yóò wà nílẹ̀ fún ẹni tí yóò wá kọ tirẹ̀.

Àna méjèèjì ti tún jókòó, a gba iṣu náà. Ìròyìn ìgbéyàwó wọn wà ní ojú ewé ẹ̀yìn.

Ìyá àgbà ọmọ tí ó gba 4 nínú 10 ń bọ̀ láti ilé ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Màmá náà rántí ìgbà tí wọ́n ń rin ìrìn ọjọ́ kan lọ sí ọjà. Ọmọ náà ni yóò mú fóònù dání, èmi yóò mú ìwé àti bírò. Ẹni tí ó bá ní ìwé ìrántí àtijọ́ ti ìjọ tàbí ti mọ́ṣáláṣí, risíìtì owó orí, ìwé ìpè sí ayẹyẹ ìwúyè, tàbí fọ́tò tí a kọ ọdún sẹ́yìn rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá sí mítìn. A ó da ojúlówó rẹ̀ padà fún un lójú ẹsẹ̀.